Òjò Kọ́ Ló Wó Ilé Wa

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Àǹtí mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin tó yẹ kí n ti kọ ọ́. Ilé Bàbá wa tí mo sọ fún yín lórí fóònù pé òjò ló wó o, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo wó o. Mo gba alágbàṣe mẹ́ta, èmi fúnra mi sì ni ẹnì kẹrin.

Mo ti sọ ọ́ báyìí.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò ilé. Ó yẹ kí ìkíni ṣáájú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, màá kí yín títí bébà á fi tán, mi ò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹ mọ̀ mí. Bó ṣe rí lórí fóònù náà nìyẹn. Ìgbà mélòó ni mo ti pè yín láti sọ ọ́, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ni màá fi bò ó mọ́lẹ̀. Ni mo bá rántí Bàbá nídìí táípù rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń bá àwọn ará àdúgbò kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ wọn. Tí ẹni tó wá kọ lẹ́tà bá ń fa ọ̀rọ̀ nílẹ̀, á ní, "Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo jù fún ẹnu, ẹ jẹ́ kí bébà bá yín gbé e."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ rántí àwòrán ilé tí ẹ fi ránṣẹ́, alájà mẹ́ta, tí gbogbo iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi iṣẹ́ wa, níbi tí mo ti ń wọn pákó fún àwọn káfíńtà. Gbogbo wọn ló ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ má gbàgbé wa tí ẹ bá dé òkè yẹn o." Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe jáde lọ́jọ́ Fúráìdè kan pé kánsù fẹ́ dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò wa. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ ní Mọ́ńdè wá lẹ àmì mọ́ wọn lára, àti pé ilé tí wọ́n bá ti lẹ àmì mọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o mọ́ láyé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, àwòrán Àǹtí mi ti di bébà lásán nìyẹn. Màmá ò sí nílé, ó lọ kí àbúrò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òjò díẹ̀ sì rọ̀ nírọ̀lẹ́ Fúráìdè yẹn, omi wọlé díẹ̀ láti ibi gọ́tà etí òrùlé lẹ́yìn. Mo wò ó, mo ní, ẹ̀rí rèé. Láàárọ̀ Sátidé a bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Ẹni tó bá béèrè, mo ní òjò ti jẹ ìdí ògiri ẹ̀yìn, pé à ń wó ìyókù kó má baà wó lu èèyàn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sọ́ńdè, ilé tí bàbá tó bí Bàbá wa kọ́ ti di òkìtì.

Bóyá ẹ̀rín ló máa pa yín níbí, bóyá ẹkún ni, mi ò mọ̀. Wọ́n dé lóòótọ́ ní Mọ́ńdè. Wọn ò lẹ àmì mọ́ ilé kankan. Ara òpó iná ìkòríta ni wọ́n lẹ bébà wọn mọ́. Gbogbo àdúgbò, láti ìkòríta títí dé ìdí kànga, ilé tó dúró àti ilẹ̀ tó ṣófo, òfin kan náà ló mú gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun, ilé ọ̀hún gbọ́dọ̀ bá ti àwọn aládùúgbò mu. Kò gbọdọ̀ ga jù wọ́n lọ lójú títì. Fèrèsé onípákó ni wọ́n fẹ́, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, bíi ti àtijọ́. Mo wó o lásán, Àǹtí mi. Mo wó o nítorí yín, mo sì wó o lásán.

Ìdí nìyí tí mi ò fi rí nǹkan kan kọ́ láti ọdún méjì tí ẹ ti ń bi mí léèrè, tí mo ń sọ pé bíríkìlà ń ṣàìsàn, pé símẹ́ńtì wọ́n. Màmá ṣì wà lọ́dọ̀ mi, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíì. Ó ń béèrè ìgbà tí òun máa padà sí àdúgbò òun.

Ẹ bá mi wí bó bá ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn.

Àbúrò yín tí ẹ sọ ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta

Ẹsẹ̀-ò-gbélé,

Ìwé rẹ dé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ká ní mo dá ọ lóhùn lọ́jọ́ tó dé ni, èpè ni ǹ bá kọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ sì ni mí, èpè ò yẹ mí.

Báwo ni Màmá? Ṣé ó ń lo oògùn ẹsẹ̀ rẹ̀? Ìwọ ńkọ́, àti ìyàwó rẹ? Ṣé o rí i pé mo kí ọ. Ó yẹ kí èèyàn lè kíni kó sì sọ òótọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Ta ló rán ọ? Ìgbà wo ni mo sọ pé kí o wó ilé láìsọ fún mi? Àwòrán ni mo fi ránṣẹ́, mi ò fi òòlù ránṣẹ́. Láti kékeré lo ti rí báyìí. Bí wọ́n bá ní kí o lọ bomi, wàá ti dé ìdí kànga kí o tó rántí pé o ò mú garawa dání.

Mo ń lọ aṣọ ibùsùn ní hòtẹ́ẹ̀lì lánàá, ni mo bá rí i pé iwájú ilé wa ni mo ń rí lórí aṣọ funfun yẹn. Fèrèsé yàrá wa tó ní ihò méjì lápá òsì, tí a máa ń gbé ojú lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, tìẹ ní ìsàlẹ̀, tèmi lókè, tí a ń wo àwọn tó wá kọ lẹ́tà lọ́dọ̀ Bàbá. Ìró táípù yẹn, tá tá tá, tí agogo rẹ̀ á sì dún ní ìparí ìlà. Ìró yẹn ni mo fi ń sùn lọ́sàn-án. Ọdún mẹ́tàlélógún nìyí, mi ò tíì rí oorun ọ̀sán tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣé o gbé fèrèsé yẹn pamọ́ ni, àbí òun náà ti di igi ìdáná?

Ní ti òfin tí o sọ, kò ṣàjèjì sí mi. Inú irú rẹ̀ ni mo ń gbé. Fèrèsé yàrá mi níbí kì í pa dé, atẹ́gùn ń wọlé bí ẹni tó ń bá mi san owó ilé. Mo ní kí onílé pààrọ̀ rẹ̀, ó ní àdúgbò àtijọ́ ni, bí wọ́n ṣe bá fèrèsé náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni kó wà. Àwọn àlejò ń wá ya fọ́tò iwájú ilé wa, wọ́n ń ní ó mà dára o. Èmi wà nínú rẹ̀, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn. Mi ò mọ̀ pé òfin yìí náà máa tọ̀ mí lọ sílé.

Lọ béèrè lọ́wọ́ kánsù, kí o mọ ohun tí wọ́n máa gbà wá láàyè láti kọ́. Béèrè o. Má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹrin

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣé tí ẹ dá mi lóhùn. Gbogbo ìbáwí yín ni mo gbà. Màmá ní kí n kí yín, ó ní kí ẹ máa jẹun dáadáa, pé òun gbọ́ ohùn yín lórí fóònù, ó ti rù.

Fèrèsé yín ò ṣègbé. Èmi kọ́ ni mo gbé e pamọ́ o, kí n má tún gbé irọ́ lé irọ́ lórí. Tísà tó ń gbé òdìkejì títì ló jáde lọ́jọ́ náà. Ó dúró láàárín eruku pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wò mí lókè orí ògiri. Kò bú mi. Ó fa fèrèsé yẹn yọ nínú òkìtì, ó ń wọ́ ọ lọ sílé rẹ̀ bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́. Látìgbà náà, tí a bá ti pàdé, "Àbúrò, òjò ńkọ́?" ni ìkíni rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn gangan, tí oòrùn ń jó wa lórí, "Òjò ńkọ́?" Àwọn èèyàn rò pé arúgbó ti ń ṣe é. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé orí rẹ̀ pé.

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì kánsù. Obìnrin kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Téèpù ni àdúgbò ń pè é, torí kò sí ibi tó ń lọ tí téèpù ìwọ̀n kì í sí ní ìbàdí rẹ̀. Mo ti múra ìjà lọ. Mo gbé àwòrán onígíláàsì yín kalẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ilé yìí dára. Ibo lẹ fẹ́ kọ́ ọ sí?"

"Àdúgbò wa náà ni, Mà."

"Háà, rárá o. Á dà bí eyín wúrà lẹ́nu ọmọ tuntun."

Àǹtí, mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan wà lójú ewé kejì: kí ló wó ilé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Tó bá jẹ́ òjò tàbí ogbó ló wó o, wọ́n á gbà wá láàyè láti kọ́ yàrá òkè kan kún un lẹ́yìn, níbi tí ẹni tó wà lójú títì ò ti ní rí i. Tó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló wó o, kò sí òkè kankan. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́ la máa kọ́ ọ, ẹni tó wó o á sì lọ rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ wọn. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó gbé ilé náà ló máa buwọ́ lu fọ́ọ̀mù bí ẹlẹ́rìí. Màmá nìyẹn.

Èmi àti Ìyá Téèpù mú Màmá lọ sórí ilẹ̀ wa ní Túsìdé kó lè sọ bí iwájú ilé ṣe rí. Ó dúró lórí ilẹ̀ tó ṣófo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ́ ilé náà padà nínú afẹ́fẹ́. "Àtẹ̀gùn márùn-ún. Ìkẹrin ló ṣẹ́ létí. Òpó mẹ́fà. Ibí yìí ni bàbá wọn ń gbé táípù kalẹ̀ sí, torí oòrùn ọ̀sán kì í débẹ̀." Ìyá Téèpù ń wọn, ó ń kọ, ó ń ní, "Ẹ máa wí, Mà." Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ mo rí ilé náà, Àǹtí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ nu ẹsẹ̀ kí n tó gun ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ni Màmá bá kọjú sí Ìyá Téèpù. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo pa á. Ewé ti dí gọ́tà, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sọ pé màá kó o. Mo gbàgbé, mo lọ kí àbúrò mi. Ilé tí ọkọ mi fi sílẹ̀, ewé ni mo fi pa á."

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń gbọ́ ọ tí mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ máa bi mí pé kí ni mo sọ. Mo wo bàtà mi.

Kí ni kí n kọ sínú fọ́ọ̀mù yìí?

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún

Àbúrò mi,

Òjò ni kí o kọ.

Má rò pé ojú mi ti wá le. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń lọ aṣọ ibùsùn fún àwọn tí mi ò ní rí ojú wọn. Yàrá òkè kan ni mo fi ń tu ara mi nínú, yàrá tí màá jí sí, tí màá ṣí fèrèsé rẹ̀, tí màá wo òrùlé gbogbo àdúgbò tó bí mi. Gíláàsì yẹn, mo ti fi sílẹ̀. Kí n tún fi òkè sílẹ̀? Gbogbo ẹni tí a jọ lọ ló ti kọ́lé. Kí n wá dé pẹ̀lú ewú lórí, kí n tún wọ yàrá ìsàlẹ̀ tí mo ti jáde?

Tó bá jẹ́ ẹ̀rí ọkàn ló ń dà ọ́ láàmú, rántí Bàbá. Ṣé o rántí Ìyá Oníbúlúù, tí kì í wọ aṣọ míì ju búlúù lọ? Ọdún mẹ́rin ló fi ń kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀, ọmọ ò fèsì. Bàbá wa fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì fún un. Á dé, á ní, "Akọ̀wé, ẹ kà á fún mi," Bàbá á sì ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀. Àwa méjèèjì ń wò ó láti ihò fèrèsé, ìwọ lo tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín tí mo fi ọwọ́ dí ọ lẹ́nu. Jíjó ni obìnrin yẹn ń jó relé. Ta ni irọ́ yẹn pa lára?

Màmá ti darúgbó. Tó bá ti wọ ilé tuntun, á gbàgbé ọ̀rọ̀ gọ́tà. Kọ òjò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún

Àǹtí mi,

Mo ka ìwé yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo mú bírò, mo kọ "òjò" síbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dá fọ́ọ̀mù náà padà.

Ẹ ti lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ Ìyá Oníbúlúù parí, ẹ ò sì mọ̀. Ara rẹ̀ ò yá, Bàbá fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn, ló bá tẹ̀ ẹ́ sínú lẹ́tà kan pé ọmọ ń bọ̀ wálé. Obìnrin náà kun yàrá, ó ra bẹ́ẹ̀dì. Láràárọ̀ ló ń jókòó ní ìkòríta, tó ń wo ojú àwọn tó ń bọ́ nínú ọkọ̀. Bàbá ń rí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Oṣù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n sin ín, Bàbá gbé táípù wọ inú ilé, ó ní ọwọ́ ń dun òun. Kò tẹ lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí ọdún yẹn fi parí. Ọwọ́ kọ́ ló ń dùn ún, Àǹtí. Èmi ni mo wà nílé.

Lánàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, mo bá Màmá lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó ń fi igi ìgbálẹ̀ kó ewé nínú gọ́tà ilé tí mo háyà. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló gbé síwájú.

"Màmá! Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

"Fi mí sílẹ̀. Mi ò ní pa ilé méjì."

Mo dì í mú ní ìbàdí títí ó fi kó o tán. Mi ò lè ṣe nǹkan míì.

Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni yàrá òkè. Mi ò fẹ́ fi ìkánjú wó o bí mo ṣe fi wó ìyókù. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ni Ìyá Téèpù máa wá gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ Màmá nílé wa. Mo ń dúró dè yín.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà

Àǹtí mi,

Ẹ ò fèsì. Mo pè, ẹ ò gbé e. Ṣé ẹ ń bínú ni, àbí ara yín ò yá? Tó bá jẹ́ ìbínú ni, ẹ kọ ọ́ síbí, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Màmá ń béèrè yín.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Àbúrò mi àtàtà,

Ara mi yá. Mo bínú lóòótọ́. Mo bínú sí ọ torí o sọ bí ọ̀rọ̀ Ìyá Oníbúlúù ṣe parí fún mi. Ibi tí ó ti ń jó ni mo fẹ́ kó dúró sí.

Mo pe Màmá ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mọ̀ pé o ò ní sí nílé. Mo fẹ́ gbọ́ bóyá ó ti ń gbàgbé. Mi ò tíì kí i tán tó fi ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ilé tí o fẹ́ wá fẹ̀yìn tì sí, èmi ni mo bà á jẹ́. Dárí jì mí kí n tó lọ." Màmá wa. Ó ń bẹ̀ mí.

Mi ò lè sọ pé, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin," torí ẹnu tìẹ ló yẹ kó ti jáde. Mi ò sì lè sọ pé, "Mo dárí jì yín," torí kí ni mo fẹ́ dárí ẹ̀ jì? Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, mo pa fóònù. Mo sunkún sórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, mo sì tún un lọ̀.

Yàrá òkè yẹn, mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí o kọ́ tèmi sí, níbi tí mo ti ń sùn lọ́sàn-án. Fèrèsé onípákó tí wọ́n fẹ́, kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n sọ fún káfíńtà rẹ pé kó pa dé o! Òfin ní kó dà bíi ti àtijọ́, òfin ò ní kí atẹ́gùn máa gba inú rẹ̀ wọlé.

Mi ò ní sọ ohun tí wàá kọ fún ọ mọ́. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ṣì í sọ. O ti lé ní ogójì ọdún.

Bá mi gbá Màmá mọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ìwé yín dé láàárọ̀ yìí, bí ẹni pé ó sá eré bọ̀. Ọ̀la ni Ìyá Téèpù ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá.

Mo lọ bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣe bí ẹni tó ń béèrè fún ẹlòmíì. Mo ní, "Mà, ẹni tó bá ní òun ni òun wó ilé, kí ni wọ́n máa ṣe fún un?" Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ̀. A ò tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Òjò ló wó gbogbo ilé tó wó ní àdúgbò yín." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí ìgbìmọ̀ dá wa dúró fún ọdún kan, ó ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé Màmá ò ní ọdún tó pọ̀ nílẹ̀. Ohun tó ń yí mi lọ́kàn padà nìyẹn ní gbogbo ìgbà. Tí mo bá ní màá sọ ọ́, mo rí Màmá nínú yàrá olójú-ògiri yìí títí lọ. Tí mo bá ní màá dákẹ́, mo rí i lórí àpótí.

Àwọn ìgbìmọ̀ kọ́ ni mo ń bẹ̀rù jù. Ojú Màmá ni. Ó ṣeé ṣe kó má wò mí mọ́. Ó ṣeé ṣe kó wò mí, kó sì rí ẹni tí mo jẹ́. Ẹ mọ̀ pé èmi ni àbíkẹ́yìn, èmi ló ń pọ̀n sẹ́yìn lọ síbi gbogbo. Kò tíì fi orúkọ burúkú kankan pè mí rí láyé mi.

Mo yà sórí ilẹ̀ wa lọ́sàn-án yìí. Koríko ti hù níbi tí àtẹ̀gùn wà. Mo dúró níbi tí Màmá ní táípù máa ń wà, ó sì jẹ́ òótọ́, oòrùn ọ̀sán ò débẹ̀, òjìji ilé aládùúgbò ló bo ibẹ̀. Nígbà tí ilé wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni mo jókòó síbẹ̀, mi ò sì kíyè sí i rí.

Lọ́la, mi ò ní lọ síbi iṣẹ́. Tí Màmá bá ti bọ́jú tán, kó tó mu tíì, màá jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, màá sọ fún un pé ewé ò ṣe nǹkan kan, gọ́tà ò ṣe nǹkan kan, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo gun orí ògiri. Màá dúró gba ohunkóhun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, màá mú fọ́ọ̀mù yẹn, màá fa ìlà sórí "òjò." Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó wó ilé, màá kọ orúkọ mi, èyí tí wọ́n sọ mí àti ti Bàbá, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí n tó fún Màmá ní bírò.

Àbúrò yín.